Ọjọ́ Tí Peceli Gba Eyín Àbùùbùtán

Ohun kan wà tí Peceli Nadruku kò lè fara dà láyé yìí: kí ènìyàn mú ọ̀rọ̀ ńlá, kó wá máa sọ ọ́ bí ẹni tó ń jẹ ẹja eléegun. Òun ni agbẹnusọ ìdílé olóyè ní abúlé Vunikura, létí odò Rewa ní ilẹ̀ Fiji, ó sì ti lé ní ogójì ọdún lẹ́nu iṣẹ́ náà. Bí wọ́n bá gbé ẹ̀bùn wá, òun ló ń gbà á. Bí ẹ̀bùn bá ń jáde, òun ló ń sọ̀rọ̀ sí i kó tó jáde. Ìgbéyàwó, ìsìnkú, ìwúyè, ẹlẹ́ṣẹ̀ tó wá tọrọ àforíjì, ẹnu Peceli ni gbogbo rẹ̀ ń gbà kọjá. Ó mọ oyè gbogbo ilé tó wà létí odò náà títí dé ibi tó ti wọ òkun, ó mọ èyí tí wọ́n ń kọ́kọ́ pè àti èyí tí wọn kì í pè níwájú àna. Ọkùnrin kúkurú ni, ikùn rẹ̀ yọ díẹ̀, ohùn rẹ̀ sì tóbi ju ara rẹ̀ lọ. Ó mọ̀ pé ohùn náà dùn. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà rẹ̀ wà.

Nínú gbogbo ohun tí ọkùnrin yìí kórìíra, ẹgbẹ́ tí Ilaitia dá sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì ti Nawaidamu, abúlé tó wà lódìkejì odò, ló ṣíwájú. Ilaitia ti ṣe wọ́dà ní ọgbà ẹ̀wọ̀n fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n kó tó fẹ̀yìn tì, tó sì di oníwàásù. Ó ń kó àwọn ọkùnrin jọ ní gbogbo ọjọ́ Wẹ́sidé. Wọ́n á ka Bíbélì, wọ́n á mu igbá yaqona méjì péré, omi gbòǹgbò igi tó ń mú ẹnu kú, ẹnu tiwọn kì í kú bí ti àwọn tó ń mu ún dòru, lẹ́yìn náà ni kálukú á wá sọ ohun tó ṣe nílé rẹ̀ lọ́sẹ̀ náà. Ẹni tó bá na ìyàwó rẹ̀ á sọ ọ́. Ẹni tó bá gba owó oúnjẹ lọ mu ọtí á sọ ọ́. Ilaitia a máa sọ fún wọn pé àṣà àwọn baba wọn àti ọ̀rọ̀ Ọlọ́run kò bá ara wọn jà, pé ẹni tí àwọn ará ilé rẹ̀ bá ń fi ọkàn balẹ̀ sùn ni olórí ilé.

Peceli kò rí i bẹ́ẹ̀ rárá. "Wọ́dà ló wá ń ṣọ́ àwọn ọkọ báyìí!" ló máa ń wí nídìí igbá yaqona tirẹ̀, tí kò ní iye. "Á kà wọ́n láàárọ̀, á kà wọ́n lálẹ́, kí ọ̀kan má baà sá lọ!" Ó pàdé ọ̀kan nínú wọn ní ibùdókọ̀ lọ́jọ́ kan, ó sì bi í lójú gbogbo ayé pé, "Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́ pé ẹ ti ń fọ ìkòkò. Ọmọ ńkọ́? Ṣé ẹ ti ń fún un lọ́mú ni àbí ó di oṣù tó ń bọ̀?" Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ọkùnrin náà wo ilẹ̀, ó sì wọ ọkọ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀.

Oṣù kẹta ọdún náà ni Vasemaca, ọmọ kan ṣoṣo tí Peceli bí, wọ ọkọ̀ ojú omi padà sílé pẹ̀lú báàgì kan. Nawaidamu ló ti lọ sílé ọkọ. Netani, ọkọ rẹ̀, gbá a létí nítorí pé ó lọ kí ìbátan rẹ̀ láìsọ fún un. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló gbá a. Ṣùgbọ́n etí òsì náà kò gbọ́ràn mọ́, dókítà sì ti ní kí wọ́n má retí rẹ̀.

Inú Peceli bí débi pé kò lè jẹun. Ohùn tí gbogbo odò ń yìn, ó ní láti gbé e lọ sí apá ọ̀tún kí ọmọ rẹ̀ tó gbọ́ ọ. Bí ó bá gbàgbé tó pè é láti apá òsì, ọmọ náà á máa bá iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lọ bí ẹni pé kò sí ẹnì kankan nínú ilé. Èyí dùn ún ju ohun tó lè sọ lọ, òun tó jẹ́ pé kò sí ohun tí kò lè sọ.

Ó dúró de àwọn ará ilé ọkọ. Ní ilẹ̀ Fiji, bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀, kí ọ̀sẹ̀ tó parí, wọ́n á ti gbé eyín àbùùbùtán wá fún ìdílé obìnrin láti fi sin ẹ̀ṣẹ̀ náà, ètò tí à ń pè ní bulubulu. Bí ìdílé bá ti fọwọ́ kan eyín náà, ọ̀rọ̀ ti tán, obìnrin á sì di ẹrù rẹ̀ padà sílé ọkọ. Peceli kò ní fọwọ́ kàn án. Ó ti pinnu. Ó wẹ̀, ó ró ìró rẹ̀ tó dára, ó jókòó sórí ẹní ní gbogbo ọ̀sẹ̀ náà, ó ń ka èébú tó fẹ́ bú wọn lórí ahọ́n. Ẹnì kankan kò wá. Ọ̀sẹ̀ di oṣù, oṣù di mẹ́fà.

Wọ́n wá sọ fún un pé Netani ti wọ ẹgbẹ́ Ilaitia, pé Ilaitia ló sì dá a dúró. Ó ní Netani kò tíì mọ ohun tó fẹ́ lọ tọrọ àforíjì fún.

"Ẹ rí i!" Peceli pariwo. "Ẹ rí wọ́dà! Ó ti dá ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà fún un kó tó wá kí mi! Ọmọ tèmi ló dití, òun ló ń kàwé!"

Ọ̀sán Sátidé kan nínú oṣù kẹsàn-án ni wọ́n wá wọlé, ọkùnrin márùn-ún, Ilaitia níwájú, Netani lẹ́yìn. Wọ́n jókòó nísàlẹ̀ lẹ́bàá ilẹ̀kùn bí ẹlẹ́bi ṣe ń jókòó. Lókè yàrá ni Waisake wà, ẹ̀gbọ́n Peceli, òun ni olórí ìdílé, àgbà méjì sì wà lọ́tùn-ún lósì rẹ̀. Peceli jókòó láàárín. Akosita ìyàwó rẹ̀ àti Vasemaca wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, níbi tí àwọn obìnrin ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ láìdá sí i.

"Ẹ sún mọ́ ibí," Peceli wí. "Mo fẹ́ rí ojú yín dáadáa kí n tó lé yín jáde. Agbẹnusọ yín dà?"

"A ò mú agbẹnusọ wá, bàbá," Ilaitia dáhùn. "Netani ló ṣẹ̀. Netani náà ló máa sọ̀rọ̀."

"Ibo lẹ ti kọ́ ìyẹn? Lọ́gbà ẹ̀wọ̀n?"

"Lọ́gbà ẹ̀wọ̀n ni, bàbá. Àwọn tí ẹlòmíràn máa ń bá bẹ̀bẹ̀ ni mo máa ń rí tí wọ́n ń padà wá."

Ọ̀kan nínú àwọn àgbà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó wo ojú Peceli, ó sì pa á mọ́ra. Peceli gbójú sókè. "Ó dáa. Kí ọmọ yín sọ̀rọ̀. Mo fẹ́ gbọ́ ohun tí oṣù mẹ́fà kọ́ ọ."

Netani jáde síwájú lórí eékún. Ọkùnrin gíga ni, apá rẹ̀ le nítorí iṣẹ́ igi tó ń ṣe, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé eyín àbùùbùtán náà síwájú pẹ̀lú okùn tí wọ́n hun sí i.

"Ẹ̀yin... ẹ̀yin ìdílé," ó ní. "Mo... mo mú eyín kan wá."

Àwọn àgbà wo ara wọn. Kò pe oyè Waisake. Kò kí ilẹ̀. Ó tún wá dárúkọ abúlé àwọn ìyá ṣáájú ti baba, ó ṣe àṣìṣe, ó padà sẹ́yìn, ó tún un ṣe, èyí tó tún ṣe náà sì burú ju ti àkọ́kọ́ lọ.

"Mo gbá a létí," Netani wí. "Inú ló bí mi. Kò ṣe nǹkan kan. Kò gbọ́ràn létí òsì mọ́, èmi ni mo ṣe é. Mi ò... mi ò mọ bí mo ṣe lè dá a padà. Ẹ jọ̀ọ́. Eyín yìí, ẹ..."

Ó yẹ kí baba gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Òun ni ọ̀rọ̀ tó ti ń retí láti oṣù kẹta, ó sì ti wọlé wá bá a nínú ilé rẹ̀. Àmọ́ àgbákò ni ìgbéraga. Ohun tí Peceli gbọ́ ni oyè tí wọn kò pè àti ilẹ̀ tí wọn kò kí.

"Dákẹ́!" ó pariwo. "Dákẹ́ jẹ́ẹ́! Eyín kan! Ṣé eyín ajá lo mú wá ni? Ilaitia, ṣé ohun tí o kọ́ wọn nìyí? O kó wọn jọ, o ń fi Bíbélì bò wọ́n lójú, o ò lè kọ́ ẹnì kan ṣoṣo bí wọ́n ṣe ń pe olórí ilé lóyè! Gbé e wá! Mo ní kí o gbé e wá! Jẹ́ kí n fi hàn ọ́ bí ọkùnrin ṣe ń sọ ọ́!"

Ó sì já eyín náà gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohùn náà jáde. Àní ẹni tó kórìíra Peceli á gbà pé ó dùn lọ́jọ́ náà. Ó kí ilẹ̀. Ó pe oyè Waisake, ó pe ti baba Waisake, ó pe ti àwọn tó ti kú sí odò. Ó kí ìdílé Nawaidamu tó wá, ó bá wọn rẹ ara wọn sílẹ̀ bí ẹlẹ́bi ṣe gbọ́dọ̀ rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ ẹ̀ṣẹ̀ láìdárúkọ rẹ̀, ó bẹ̀bẹ̀ fún ìyè, ó bẹ̀bẹ̀ fún ọ̀nà. Àwọn àgbà ti dijú, orí wọn ń lọ sókè sódò. Netani lanu sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ń ti ọ̀rọ̀ bọ̀, bí ó ṣe ń ṣe é láti ogójì ọdún, àti pé láti ogójì ọdún, bí ọ̀rọ̀ olùfúnni bá ti dé ibi tó dé yẹn, ẹnu Peceli kan náà ló máa ń gbà á fún ìdílé. Ó gbé eyín náà sí imú, ó fín òórùn rẹ̀ jinlẹ̀, ó sì wí pé:

"Mo fọwọ́ kàn án. Mo gbà á. Kí ẹ̀ṣẹ̀ wọlẹ̀."

"Ó wọlẹ̀!" ni àwọn àgbà dáhùn, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ wúwo lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Peceli wo eyín tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Rárá," ó ní. "Rárá, mo kàn ń fi hàn án ni."

Waisake ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú u láti ìgbà pípẹ́, nítorí kò rí ẹní kan jókòó lé mu yaqona ní Nawaidamu láti oṣù kẹta. "Àbúrò mi, ó ti tán," ó wí. "O ṣe é dáadáa. Ẹ bá ọmọ di ẹrù rẹ̀."

"Ẹ̀gbọ́n, mo ní mò ń fi hàn án ni!"

"Ẹnu ta ni? Ṣé ẹnu ìdílé yìí kọ́? Ìgbà wo ni ẹnu rẹ di eré ọmọdé? Ìwọ náà lo sọ fún ìdílé àwọn Vuki nígbà tí wọ́n fẹ́ yí padà lẹ́yìn tí wọ́n gba eyín pé ọwọ́ tó ti kàn án ti kàn án. Mo wà níbẹ̀. Ìyá ọmọ yẹn ń ké, o ní kí ó lọ ké síta."

Òótọ́ ni. Peceli rántí. Ó rántí pé inú òun dùn lọ́jọ́ yẹn nítorí bí gbólóhùn náà ṣe bọ́ sí i.

Lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, Vasemaca ti dìde. Kò sunkún. Ó lọ sí ìdí ògiri níbi tí àwọn aṣọ rẹ̀ wà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń kó wọn sínú báàgì. Ta ló tún mọ agbára ẹnu baba rẹ̀ jù ú lọ?

"Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀ọ́," Ilaitia wí. "A ò wá gbé e lọ. Àforíjì la wá tọrọ. Ṣé ẹnì kan ti bi í léèrè ohun tó fẹ́?"

"Ìwọ, dákẹ́," Waisake wí. "Ará ibòmíràn ni ọ́. Ìdílé ti gbà á."

Ilaitia wo Netani kó lè sọ̀rọ̀. Netani wo ẹní. Ó ti ń dá sùn fún oṣù mẹ́fà, wọ́n sì ń gbé ìyàwó rẹ̀ fún un níṣojú rẹ̀. Kò ní kí wọ́n gbé e, kò ní kí wọ́n má gbé e.

Peceli gbọ́ bí síìpù báàgì náà ṣe ń lọ.

"Akosita!" ó pè. "Gbé èyí tó wà nínú àpótí wá."

Waisake yíjú sí i kíákíá. Eyín kan ṣoṣo ló wà nínú àpótí náà. Ti òkú Peceli ni, èyí tí wọ́n máa fi sin ín bí ọjọ́ bá pé. "Kí lo fẹ́ ṣe?"

"Mo fẹ́ fi gba ọ̀rọ̀ mi padà."

"Níwájú àlejò? O fẹ́ sọ fún wọn pé ẹnu ìdílé wa ṣìnà? Peceli, gbọ́ mi dáadáa. Bí o bá ṣe é, o ò tún ní sọ̀rọ̀ fún ilé yìí mọ́ láéláé. Màá wá ẹlòmíràn."

"Ẹ wá a."

Akosita gbé eyín náà wọlé. Gbogbo àwọn ọkùnrin ló jókòó, àṣà kò sì gbà kí obìnrin dúró lórí wọn. Akosita dúró. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni, kò sí ẹni tó ti gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú yàrá yẹn rí àfi tó bá ń béèrè bóyá kí òun gbé oúnjẹ wá.

"Nígbà tí wọ́n gbé tìrẹ lọ fún àwọn ẹ̀gbọ́n mi ní Waitabuka," ó sọ fún ọkọ rẹ̀, "ẹ̀yìn ilé ni mo wà, mò ń ha ẹja. Ẹnikẹ́ni ò pè mí. Ìgbà tí wọ́n pè mí, báàgì mi ti wà nínú ọkọ̀."

Ó gbé eyín náà lé e lọ́wọ́, ó sì padà sílé ìdáná.

Ojú ti Peceli. Kò gbójú sókè. Ó ti gbàgbé ọ̀rọ̀ yìí, tàbí ó ti fi í pamọ́ síbi tí kò ti ní rí i. Ọdún kejì ìgbéyàwó wọn ni, apá Akosita ló fà yọ léjìká, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì gba eyín náà láàárín wákàtí kan, nítorí pé agbẹnusọ tó lọ bá wọn mọ ọ̀rọ̀ sọ.

Ó rá lórí eékún sọ̀kalẹ̀ láti àárín yàrá títí dé ìsàlẹ̀, níwájú Netani, níwájú wọ́dà tó kórìíra. Ó gbé eyín méjèèjì sókè, ti wọn àti tirẹ̀. Ó la ẹnu, ohùn náà kò jáde. Ó wúkọ́. Ó tún la ẹnu.

"Mo... ẹnu mi gba ohun tí kì í ṣe... Ẹ má bínú. Mi ò bi í. Ọmọ mi ni. Mi ò bi í. Ẹ... ẹ gbà á padà, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ... kí ẹ fi ọmọ mi sílẹ̀."

Kò pe oyè kankan. Kò kí ilẹ̀. Waisake yíjú sí ògiri.

Netani kò tètè nawọ́. Ó wo Vasemaca tó dúró ti báàgì rẹ̀, ó wò ó pẹ́. Ó sún kúrò lórí ẹní, ó bọ́ sí apá ọ̀tún rẹ̀ níbi tí yóò ti gbọ́ ọ. "Kí lo fẹ́?" ó bi í.

"Mo fẹ́ wà níbí," Vasemaca wí. "Bí mo bá fẹ́ padà sọ́dọ̀ rẹ, màá fi ẹnu ara mi sọ ọ́. Mi ò sọ pé màá fẹ́ o."

Netani padà síbi tó ti kúrò. Ó fọwọ́ méjèèjì gba àwọn eyín náà, omi ń bọ́ lójú rẹ̀ sórí wọn, ó sì ní, "Mo gbà á." Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré, ó sọ wọ́n dáadáa.

Wọ́n lọ láìmu nǹkan kan. Ilaitia dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ ìtùnú. Peceli gbójú lé e. "Bí o bá gbàdúrà fún mi nínú ilé yìí, màá jù ọ́ sódò," ó wí. Ilaitia wọ bàtà rẹ̀, ó sì lọ. Waisake àti àwọn àgbà gba ẹ̀yìnkùlé jáde, wọn kò kí i.

Vasemaca ń tú báàgì rẹ̀. Baba rẹ̀ lọ sí apá ọ̀tún rẹ̀, ó dúró.

"Ẹ má retí kí n dúpẹ́ o," ọmọ náà wí. "Ẹ̀yin náà lẹ kọ́kọ́ gbà á."

"Mi ò retí rẹ̀."

Ó lọ sí ilé ìdáná. Akosita jókòó ti iná, ó ń fún wàrà àgbọn sórí ẹja. Peceli jókòó sórí ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ibi tí kò jókòó sí rí láti ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n tí wọ́n ti fẹ́ ara wọn.

"Ká ní wọ́n bi ọ́ ní Waitabuka," ó wí, "ṣé ò bá tẹ̀ lé mi?"

Akosita fún àgbọn náà títí kò fi sí omi nínú rẹ̀ mọ́, ó sì da èérún rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Rárá," ó wí, ó sì ní kó bá òun sún igi iná síwájú.